Igbó Kì í Ṣe Ìgbò, Ògùn Kì í Ṣe Ògún

Ìwé kan tẹ̀ wá lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n wa kan tí a bí sí Lọ́ńdọ̀nù, tí ó sì ń gbé ibẹ̀ títí di òní. Ó ní wọ́n fún òun ní fọ́ọ̀mù ní ọ́fíìsì kan pé kí òun kọ orúkọ ìlú baba òun sí i, òun sì kọ ọ́ bí baba òun ti kọ́ òun: "Ijebu-Igbo, Ogun", láìsí àmì kan lókè tàbí nísàlẹ̀. Akọ̀wé tí ó gbà á wò ó, ó tún un wò, ó sì béèrè bí ẹni tí ó pe ara rẹ̀ ní Yorùbá ti ṣe wá jẹ́ ọmọ ìlú Ìgbò. Ọmọ náà kò rí èsì fọ̀. Nígbà tí ó dé ilé, ó mú ìwé ìtàn kan kà, ó sì bá ìtàn Mọremí pàdé nínú rẹ̀, bí àwọn Ìgbò ti ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú. Ọkàn rẹ̀ tún dàrú sí i. Ìbéèrè mẹ́ta ni ó fi ránṣẹ́ sí wa. Ṣé láti ìlà-oòrùn, ní ìkọjá Odò Ọya, ni àwọn baba ńlá òun ti wá? Ṣé àwọn ni wọ́n ń kó Ifẹ̀ lẹ́rú ní ayé Mọremí? Àti pé Ogun tí ó wà ní ìparí àdírẹ́sì náà, ṣé òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ ni ìjọba fi sọ ilẹ̀ náà?

A kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ni a rí i pé ọ̀ràn náà kì í ṣe ẹ̀rín. Bí ó bá jẹ́ pé ọmọ tí a bí sí òkè òkun nìkan ni ó ń ṣi àwọn orúkọ wọ̀nyí mú, à bá ní àìgbédè ni ó fà á. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa dúró létí omi ní Ìwọ́pin nígbà kan, a ń retí ọkọ̀, nígbà tí ọkùnrin kan tí ìrísí rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi hàn pé ó kàwé na ọwọ́ sí ọ̀sà tí ó wà níwájú wa, tí ó sì wí fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé, "Odò Ògùn nìyí, òun ni wọ́n fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ yìí ní Ogun Waterside." Àwọn ọmọ náà gbà á gbọ́. A dákẹ́, nítorí kò yẹ kí àlejò sọ baba di òpùrọ́ lójú àwọn ọmọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdákẹ́ náà kò dùn mọ́ wa nínú, òun ni ó sì mú kí a kọ ọ̀rọ̀ yìí gùn ju èsì ìwé kan lọ.

Ẹ jẹ́ kí a mú Igbó ṣáájú. Igbó tí ó wà nínú orúkọ ìlú náà ni igbó tí igi ń hù sí, tí ọdẹ ń dẹ. Ohùn rẹ̀ a máa lọ sókè ní ìparí. Ìgbò tí í ṣe orúkọ àwọn ará ìlà-oòrùn Náíjíríà, ohùn ìsàlẹ̀ ni a fi ń pè é láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹni tí ó bá ti rí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tí ń kó gẹdú jáde láti Ìjẹ̀bú-Igbó, tàbí tí ó ti gbọ́ ìró ayùn ní àwọn ilé ìlagi ibẹ̀, kò ní béèrè ibi tí orúkọ náà ti wá. Ìjẹ̀bú tí ó wà nínú igbó ni. Àdúgbò ńláńlá márùn-ún ni ó para pọ̀ jẹ́ ìlú náà, àwọn ni Òkè-Sòpin, Ojówó, Àtíkorí, Òkè-Àgbò àti Jàpárá. Ọrímolúṣì sì ni orúkọ oyè ọba wọn. Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí tí ó tọ́ka sí ìkọjá Odò Ọya.

Orúkọ tí ó ṣáájú pàápàá, èyí tí í ṣe Ìjẹ̀bú, kì í ṣe ti ìlú kan ṣoṣo. Ìjẹ̀bú-Òde ń jẹ́ ẹ, Ìjẹ̀bú-Igbó ń jẹ́ ẹ, Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀ ń jẹ́ ẹ (tòun ti Ifẹ̀ mìíràn lẹ́yìn rẹ̀, tí kì í sì í ṣe Ilé-Ifẹ̀), Ìjẹ̀bú-Jẹ̀ṣà sì ń jẹ́ ẹ lọ́nà jíjìn réré ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Orúkọ kejì ni ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀, bí ìgbà tí Táíyé méjì bá wà nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan, tí a ń fi orúkọ baba pe olúkúlùkù. Ìtàn kan tí àwọn àgbà Ìjẹ̀bú-Òde ń pa tilẹ̀ sọ pé orúkọ ènìyàn méjì ni ó di orúkọ ìlú náà, Ajẹbu àti Olóde, tí wọ́n bá Olú-Ìwà dé. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé ènìyàn ni Òde tí ó wà nínú orúkọ wọn, igi sì ni Igbó tí ó wà nínú tiwa.

Ìbéèrè kejì ni ó ṣòro jù, nítorí ìtàn Mọremí kì í ṣe ìtàn tí ènìyàn lè fi ẹnu kan parí. Àwọn kan tí à ń pè ní Ìgbò a máa jáde wá sí Ifẹ̀, wọn a fi koríko àti imọ̀ ọ̀pẹ bo ara wọn láti orí dé ẹsẹ̀, àwọn ará Ifẹ̀ a sì rò pé iwin ni, wọn a sá, àwọn Ìgbò a sì kó wọn lẹ́rú. Mọremí lọ jẹ́jẹ̀ẹ́ lódò Ẹsìnmìrìn, ó jẹ́ kí wọ́n mú òun, ó di aya ọba wọn, ó sì rí i pé ènìyàn bí àwọn ni wọ́n, àti pé iná ni koríko ń bẹ̀rù. Ó sá padà wá wí fún Ifẹ̀. Nígbà tí àwọn Ìgbò tún dé, ògùṣọ̀ ni wọ́n bá pàdé. Gbogbo wa ni a mọ ohun tí ẹ̀jẹ́ náà ná an: Olúorógbo, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ifẹ̀ ń rántí rẹ̀ títí di òní nígbà ọdún Edì.

Ta wá ni àwọn Ìgbò wọ̀nyí? Àwọn ará Ùgbò ní ilẹ̀ Ìlàjẹ, tí ọba wọn ń jẹ́ Olúgbò, sọ pé àwọn ni. Wọ́n ní àwọn baba ńlá àwọn ni ó ni Ifẹ̀ kí Odùduwà tó dé, pé ẹni tí a gba ilẹ̀ rẹ̀ ni ó ń padà wá jà, kì í ṣe olè. Ifẹ̀ kò gba ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn àwọn ààfin méjèèjì sì ti wọ inú ìwé ìròhìn lọ́pọ̀ ìgbà. Ilẹ̀ Ìlàjẹ yìí kò jìnnà sí wa o. Ìhà ìlà-oòrùn Ogun Waterside ni ó wà, àwọn Ìlàjẹ àti Ìkálẹ̀ sì ń gbé pẹ̀lú àwọn Ìjẹ̀bú létí omi náà. Nítorí náà, bí ọmọ wa bá fẹ́ mọ ẹni tí ó ń fi ìtàn Mọremí ṣe ìtàn ara rẹ̀, Ùgbò ni kí ó lọ béèrè. Ìtàn náà kò dárúkọ Ìjẹ̀bú-Igbó. Ohun tí ó so wọ́n pọ̀ kò ju lẹ́tà mẹ́ta lọ, nítorí ọ̀kan ni *gb* nínú èdè wa.

Ó tún yẹ kí a sọ fún un pé àwọn ẹlòmíràn ti ṣe irú àṣìṣe yìí ṣáájú rẹ̀. Nínú ìtàn àwọn Gíríìkì àtijọ́, akọni méjì ni ó ń jẹ́ Ajax nínú ogun Troy, ẹ̀yìn kan náà ni àwọn méjèèjì sì ń jà. Ọ̀kan ni ọmọ Telamon, òmìrán tí apata rẹ̀ dà bí ògiri. Èkejì ni ọmọ Oileus, ẹni kúkúrú tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá. Nígbà tí ìlú Troy ṣubú, ẹni kúkúrú yìí ni ó wọ́ Cassandra jáde láti inú ilé òrìṣà Athena, tí ìbínú òrìṣà náà fi wá sórí àwọn Gíríìkì lójú omi. Ẹni tí ó bá ka ìtàn náà kánkán yóò di ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ Oileus lé ọmọ Telamon lórí, ẹni tí ó ti kú kí ìlú náà tó ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ wa ṣe fẹ́ gba ẹ̀ṣẹ̀ àwọn tí ó kó Ifẹ̀ lẹ́rú sọ́rùn ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ìlú méjì ni ó sì ń jẹ́ Thebes pẹ̀lú. Ti Gíríìkì ní ẹnu ibodè 7, níbẹ̀ ni Oedipus ti jọba; ti Íjíbítì ni àwọn akéwì Gíríìkì sọ pé ó ní 100. Àwọn ará Íjíbítì kò sọ ìlú wọn ní Thebes rárá, Waset ni wọ́n ń pè é. Àwọn Gíríìkì ni ó gbọ́ orúkọ tiwọn mọ́ ọn. Ẹnu àlejò ni ó sọ ìlú méjì di olórúkọ kan. Ọwọ́ àlejò ni ó kọ Igbó àti Ìgbò bákan náà pẹ̀lú, nígbà tí ìwé ìjọba àti àwòrán ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ àmì kúrò lórí ọ̀rọ̀ wa. Àwọn tí ó ṣe ìpàdé ní Èkó ní 1875 lórí bí a ó ti máa kọ Yorùbá kò kọ ọ́ pé kí a gbàgbé àmì.

Kí a tó dé orí Ogun, ọ̀rọ̀ díẹ̀ wà fún àwọn ará Àgọ́-Ìwòyè, nítorí ibẹ̀ ni ìyá ọmọ yìí ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ìwòyè mìíràn ń bẹ, Ìwòyè-Kétu, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìmẹ̀kọ-Àfọ̀n, níbi tí Náíjíríà ti fi ààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin. Ìpínlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì wà, ọ̀kan ní ìlà-oòrùn, èkejì ní ìwọ̀-oòrùn pátápátá, nítorí náà ẹni tí ó bá kọ "Iwoye, Ogun" sára ẹrù kò tí ì sọ ibi tí ẹrù ń lọ. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè pàápàá ti pààrọ̀ orúkọ: Ogun State University ni a dá sílẹ̀ ní 1982, ní 2001 ni a sọ ọ́ ní orúkọ Olóyè Olabisi Onabanjo, gómìnà àkọ́kọ́ tí àwọn ará ìlú dìbò yàn ní ìpínlẹ̀ náà. Olóyè yìí ti ṣe iṣẹ́ ìwé ìròhìn tẹ́lẹ̀, Ayékòótọ́ ni ó sì ń pe ara rẹ̀ nínú ìwé ìròhìn; ẹyẹ odídẹrẹ́ ni ó kọ́kọ́ ni orúkọ náà, a kò sì gbọ́ pé ẹyẹ náà bínú.

Àgọ́ ní tirẹ̀ ni ibi tí àwọn ènìyàn pa sí, tí wọ́n wá jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí pọ̀ nínú orúkọ ìlú wa, ogun ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni ó sì fa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí, Àgọ́-Ọjà ni a ń pè é kí Aláàfin Àtìbà tó fi ṣe ìjókòó rẹ̀ nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ti di ahoro. Ó kó orúkọ ìlú àtijọ́ wá bí ẹni kó ẹrù wá. Àwọn Òwu pẹ̀lú, nígbà tí ogun fọ́ ìlú wọn, wọ́n gbé orúkọ wọn lọ sí Abẹ́òkúta ní 1834. Orílé-Òwu sì wà, Òwu sì wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ní irú ibi báyìí, orúkọ kan náà jẹ́ ẹ̀rí ìrìnàjò.

Àwọn Gíríìkì ní irú rẹ̀. Teucer, àbúrò Ajax ọmọ Telamon, padà sílé láti ojú ogun láìmú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bọ̀, baba rẹ̀ sì lé e kúrò ní erékùṣù Salamis. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí Kípírù, ó tẹ ìlú dó níbẹ̀, ó sì tún sọ ọ́ ní Salamis. Àwọn òǹkàwé wa tí ń ka Bíbélì mọ ìlú yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ìtàn Teucer: òun ni Pọ́ọ̀lù àti Bánábà ti wàásù nínú Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì, orí 13. Ẹni tí a lé kúrò nílé ni ó sọ ilé tuntun ní orúkọ ilé tí a ti lé e.

Ó wá ku Ogun. Ògún ni òrìṣà irin, òrìṣà àwọn alágbẹ̀dẹ, àwọn ọdẹ àti àwọn awakọ̀. Ìrè-Èkìtì ni ìlú rẹ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀, òun ni a sì ń kì ní Oníre. Ogun ni ìjà, bí ogun Ìmágbọn tí àwọn òyìnbó bá Ìjẹ̀bú jà ní 1892. Ogún ni ohun tí baba fi sílẹ̀ fún ọmọ. Ogún sì ni iye ìka ọwọ́ àti ti ẹsẹ̀. Níbi méjì wọ̀nyí àmì pàápàá kò ràn wá lọ́wọ́, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ni ó ń yà wọ́n. Ògùn, ohùn ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ni odò. Nígbà tí ìjọba ológun dá ìpínlẹ̀ tuntun sílẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù kejì ọdún 1976, odò yìí ni wọ́n fi sọ tiwa, bí wọ́n ti fi odò Benue sọ ìpínlẹ̀ Benue ní ọjọ́ kan náà, tí wọ́n sì tún fi Ọ̀ṣun sọ ìpínlẹ̀ mìíràn ní 1991. Òrìṣà irin kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà.

Ẹni tí ó bá sì ń pe odò náà ní ti Ògún, ó ti gba nǹkan lọ́wọ́ olóhun. Yemọja ni ó ni Odò Ògùn. Ìhà Ṣakí ni odò náà ti ṣàn wá, ó gba ẹ̀gbẹ́ Abẹ́òkúta kọjá, Ọ̀yán dara pọ̀ mọ́ ọn kí ó tó dé ibẹ̀ (Ọ̀yán tí a fi ìdídò sí ní 1983, kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè é ní Ọya), ó sì wọ inú ọ̀sà Èkó ní ìhà Ìṣẹrí. Létí odò yìí, ní Abẹ́òkúta, ni Ìwé Ìròhìn, baba gbogbo ìwé ìròhìn ilẹ̀ wa, ti jáde ní 1859.

Ẹ wá wo ibi tí Ìwọ́pin wà. Láti ẹnu Odò Ògùn dé etí omi tí baba náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ènìyàn yóò la ọ̀sà Èkó já, yóò kọjá Ìkòròdú, yóò kọjá Ẹ̀pẹ́, kí ó tó bọ́ sínú ọ̀sà Lẹ́kí. Odò Ògùn kò dé Abigi, kò dé Ìbíadé, kò dé Ìwọ́pin. Ìpínlẹ̀ ni a fi sọ ìjọba ìbílẹ̀ náà, odò ni a sì fi sọ ìpínlẹ̀. Orúkọ náà ti gba ọwọ́ akọ̀wé kọjá kí ó tó dé etí omi. Àwọn àgbà tí ń pè é ní Ìjẹ̀bú Waterside sún mọ́ òtítọ́ jù. Odò tí ó wọ inú ọ̀sà Lẹ́kí ni Ọ̀ṣun, òun pẹ̀lú Ọni, èyí tí ìwé àtijọ́ fi lẹ́tà kan náà kọ pẹ̀lú orúkọ oyè ọba Ifẹ̀. Bí a bá ní kí omi fúnra rẹ̀ sọ orúkọ, Ọ̀ṣun ni ì bá wí létí ọ̀sà yẹn.

Ọ̀ṣun sì yàtọ̀ sí gbogbo èyí tí a ti sọ, nítorí níbẹ̀ orúkọ kì í ṣe ti ẹni méjì. Obìnrin náà ni odò, odò náà ni obìnrin. Ìgèdè-Èkìtì ni ó ti sun jáde, ó dé Òṣogbo, níbi tí igbó rẹ̀ wà tí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun ìní gbogbo ayé ní 2005, ó la ilẹ̀ Ìjẹ̀bú kọjá, ó sì wọ inú ọ̀sà. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọya, tí a fi ń pe odò tí òyìnbó ń pè ní Niger. Bẹ́ẹ̀ náà ni Ọbà, orogún Ọ̀ṣun lọ́ọ̀dẹ̀ Ṣàngó, ẹni tí ìtàn sọ pé ó gé etí ara rẹ̀ sínú ọbẹ̀ ọkọ. Odò Ọbà ń ṣàn wọ inú odò Ọ̀ṣun, wọ́n sì ní omi kì í sinmi níbi tí àwọn méjèèjì ti pàdé. Àwọn Gíríìkì ní Achelous, tí ó jẹ́ odò tí ó sì tún bá Heracles jìjàkadì nítorí obìnrin. Ṣùgbọ́n wọ́n tún ní Helle, ọmọbìnrin tí ó jábọ́ láti ẹ̀yìn àgbò tí ń fò, tí ó rì, tí wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe ojú omi náà ní Hellespont. Helle kò di omi. Omi ni ó pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe da ti Helle pọ̀ mọ́ ti Ọ̀ṣun.

A kọ gbogbo èyí sí ọmọ náà, a sì kọ orúkọ ìlú baba rẹ̀ sínú pépà kékeré kan fún un pẹ̀lú gbogbo àmì orí rẹ̀: Ìjẹ̀bú-Igbó, Ìpínlẹ̀ Ògùn. Èsì rẹ̀ dé ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ní òun mú pépà náà lọ sí ọ́fíìsì, akọ̀wé náà gbìyànjú, ẹ̀rọ wọn kò gba àmì, nítorí náà bí ó ti wà tẹ́lẹ̀ ni ó ṣì wà nínú ìwé wọn. Ṣùgbọ́n akọ̀wé náà ní kí òun pe orúkọ náà sí òun létí lẹ́ẹ̀mejì, òun sì pè é. Lẹ́yìn èyí ni ọmọ náà fi ìbéèrè kẹrin kún un. Ó ní Mákùn ni wọ́n ti bí ìyá òun, òun sì ti rí Mákùn kan nínú ìwé, ní Ṣágámù, tí Ewùsì jẹ́ ọba rẹ̀; ṣé ibẹ̀ ni? A béèrè lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ lórí tẹlifóònù. Mákùn Omi ni, ní Ogun Waterside.